Àkọ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì

Kí n tó mọ ojú Fọlájìmí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà ni mo ti ń rán awọ nígbà náà, lábẹ́ igi ọsàn tí bàbá mi gbìn. N kò bá àwọn ẹgbẹ́ mi parí ilé ìwé ọ̀sán. Ìwé kẹta girama ni mo wà nígbà tí nǹkan le ní ilé wa, tí wọ́n fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ awọ ní Adégbayì. Orí àpò sìmẹ́ńtì tí a ká ni mo máa ń jókòó sí níbẹ̀, nítorí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nìkan ló ní àpótí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n óò fi èèpo ọsàn fọ ọwọ́ mi, n óò sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ní kí n máa jókòó, kí òórùn awọ má baà dààmú àwọn tó kù. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé títí mo fi yege. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo òkèèrè láìsọ̀rọ̀.

Àkọ̀ ọ̀bẹ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. N óò rẹ awọ sínú omi títí yóò fi rọ̀ bí etí ọmọdé. N óò fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ, n óò tẹ awọ náà mọ́ ọn lára, n óò sì gbé e sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Awọ máa ń rántí. Bó bá ti gbẹ mọ́ ọ̀bẹ kan lára, òmíràn kò ní í bá a mu mọ́. Mo máa ń jókòó ti àwọn àkọ̀ tó ń gbẹ, bí ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń sùn.

Àlájà Mùsílímátù, tó ń ta ọ̀bẹ àti àdá lẹ́bàá títì Mọ́níyà, ló máa ń gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ní ọjọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó sì tú ìdì aṣọ kan lórí itan rẹ̀.

"Ọmọ Tíṣà, wá wo nǹkan."

Ọ̀bẹ kan ni. Irin sípírìn ọkọ̀ àjàgbé ni wọ́n fi rọ ọ́, wọ́n sì dán an títí ó fi ń gbé àwòrán ewé ọsàn tó wà lókè wa. Igi apá ni èèkù rẹ̀, ó pọ́n bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò kánjú rárá. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sí i ni ihò pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ èèkù, níbi tí kò wúlò fún ìka kankan. Mo rò pé ọ̀bẹ ló yọ̀ mọ́ agbẹ́gi lọ́wọ́.

"Ta ló ṣe é?"

"Ọmọkùnrin kan ní ọ̀nà Ìjàyè. Fọlájìmí. Kì í sọ̀rọ̀. Bó o bá kí i, á dáhùn. Bó ò bá kí i, á kí ẹ. Ó parí."

Mo rán àkọ̀ náà bí mo ṣe máa ń rán an. Nígbà tó gbẹ, Àlájà gbé e lọ. Ọjà tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé e padà dé.

"Ó ní òdì lo rán an sí."

Kò sí ẹni tó dá iṣẹ́ mi padà rí. Ara mi gbóná. "Ẹ sọ fún un kó lọ rán tiẹ̀ fúnra rẹ̀."

Àlájà bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé wàá bínú. Òun náà mọ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé kó o fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ náà ná, kó o tó bínú."

Mo kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ilé. Ní ilé wa, ọwọ́ òsì kì í jáde. Bàbá mi ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe tíṣà ní ilé ìwé Onítẹ̀bọmi, àwọn àgbà ọkùnrin sì wà ní Mọ́níyà títí di òní tí wọ́n máa ń rántí rúlà rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi òsì mú ṣíbí. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ẹni tó ń wò wá, mo gbé ọ̀bẹ náà sí ọwọ́ òsì mi.

Ńṣe ló wọ inú àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni tó ti ń retí mi. Àtàǹpàkò mi bọ́ sínú ihò tí mo pè ní àṣìṣe, ó sì sinmi síbẹ̀.

"Ọ̀bẹ tiẹ̀ ni," ni Àlájà wí. "Ó rí iṣẹ́ ẹ lọ́dọ̀ mi, ó ní ìwọ lo máa rán àkọ̀ ọ̀bẹ òun."

Mo tú u, mo sì tún un rán, kó lè máa wà ní ìbàdí òsì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìda pa òwú náà léraléra kó tó wọ abẹ́rẹ́, mo sì rán inú rẹ̀ dáadáa bí mo ṣe rán òde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò rí inú àkọ̀. Nígbà tí Àlájà dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò bìkítà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ṣeun."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ọmọ yìí, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì rí."

*

Ìgbà ọyẹ́ ni mo tó rí i. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ ti bó mi lọ́wọ́, Àlájà sì ti lọ sọ fún un. Ìdáhùn tó fi rán an ni pé kí n wá fúnra mi, nítorí òun kò lè ti ẹnu ẹlòmíràn mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí.

Èmi àti Àlájà jọ lọ ni. Ọyẹ́ ti bo ọ̀nà Ìjàyè, àwọn igi dúró nínú rẹ̀ bí ohun tí èèyàn rí lójú oorun. Wọ́n ti wa iṣu tán nínú oko, àwọn obìnrin sì ti sá láfún sórí àpáta, ó funfun lọ rẹrẹ. Ìró fáìlì lára irin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń mí.

Abẹ́ àtíbàbà koríko kan ló wà. Ó ga, ó sì tẹríba sórí iṣẹ́ rẹ̀. Àkọ̀ mi wà ní ìbàdí òsì rẹ̀. Mo rí i kí n tó rí ojú rẹ̀, ó sì ṣe mí bákan, bí ẹni tó bá aṣọ ara rẹ̀ nílé ẹni tí kò mọ̀.

"Ẹ káàsán o," ni mo wí.

"Ẹ káàsán. Ẹ̀yin lẹ rán àkọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ dá a padà."

Ó rẹ́rìn-ín sínú irin tó mú lọ́wọ́. Àlájà fa àpótí kan, ó jókòó. "Ẹ̀yin, ẹ̀yin! Ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín bí àna sí àna. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó dé ná."

Ó fún mi ní ìṣù ìda kan tí oòrùn ti mú rọ̀. "Ẹ fún un mọ́ra bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gé awọ."

Mo fún un. Nígbà tí mo la ọwọ́, àwòrán àtẹ́lẹwọ́ mi ti wà lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì wò ó pẹ́.

"Ìka yín yìí ń ṣe iṣẹ́ ìkejì rẹ̀ mọ́ tirẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ wọ ìkejì nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ní kí n parí bàtà tó wà lọ́wọ́ mi kí n tó sunkún."

"Ṣé ẹ parí ẹ̀?"

"Mo parí ẹ̀."

"Ẹ wá sunkún?"

"Mo ti gbàgbé nígbà yẹn."

Ó gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ bí omi tí kò sí ẹni tó tíì bù níbẹ̀ láàárọ̀. Lórí pákó kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìṣù ìda ló wà nílẹ̀ tí ọwọ́ àwọn oníbàárà wà lára wọn: ti ẹlẹ́ran, ti ọdẹ, ti obìnrin kan tó ń ṣe oúnjẹ ìgbéyàwó ní Ẹgbẹ́dá. Ó ní bí òun bá ti ṣe ọ̀bẹ tán, òun á yọ́ ìda náà láti fi ṣe ti ẹlòmíràn.

Ọ̀bẹ mi dé kí ọyẹ́ tó lọ, èèkù rẹ̀ rọ mí lọ́wọ́ bí ìrọ̀rí. Bí Àlájà ṣe ń fà á lé mi lọ́wọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ó ti yọ́ ìda gbogbo èèyàn. Ti ẹ wà lórí pákó síbẹ̀. Mo ní, 'Ṣé ìwọ ò ní yọ́ tibẹ̀ yẹn ni?' Ó ní òun ò ì tíì ráyè."

*

Òjò dé, òjò dá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní ọ̀nà Ìjàyè, nítorí náà bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò lọ dúró lórí àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí. Èmi náà á dúró lábẹ́ igi ọsàn. Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Nígbà mìíràn, atẹ́gùn ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́, ó sì tó mi. Nígbà tó ní òun fẹ́ wá rí bàbá mi, ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ní òun fẹ́ wá gba omi.

Kò rọrùn létí mi. Bàbá mi ní ẹlòmíràn lọ́kàn. Jonathan, akọ̀wé ní káńsù, ọmọ ìjọ wa, ti rán ènìyàn wá. Èèyàn dáadáa ni. Bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú òwú ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bàbá ti sọ fún wọn pé bí a bá ti ṣe ìsìn ìkórè tán, òun yóò fún wọn lésì.

Àlájà ló ṣe alárinà. Fọlájìmí wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ wa. Àkọ̀ mi wà ní bẹ́líìtì rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Bí mo bá mọ̀ ni, n óò ti bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Àlájà ní ọ̀bẹ lò ń ṣe," ni Bàbá wí. "Ṣé irú èyí tí wọ́n ń kó kiri lójú títì?"

"Rárá, sà. Ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni mo máa ń wò, kí n tó ṣe é."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n rí i."

Ohùn Bàbá rọ̀. Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Fọlájìmí dìde sórí eékún. Àkọ̀ náà wà ní òsì, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì lọ síbẹ̀, bó ti máa ń lọ lójoojúmọ́. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó yí i, ó di ẹ̀yìn irin mú, ó sì na èèkù sí bàbá mi.

Ọwọ́ Bàbá dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà, ó fà á padà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e lé orí itan.

"Ọwọ́ wo lo nà sí mi yẹn?"

Fọlájìmí wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọwọ́ iṣẹ́ mi ni. Mo gbàgbé ni."

"O gbàgbé. Níwájú ẹni tí o fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, o gbàgbé."

"Tíṣà, ẹ má bínú," ni Àlájà wí. "Ọlọ́hun ló dá ọwọ́ méjèèjì."

"Ọlọ́run ló dá wọn, Àlájà. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní èyí tó ń nà sí àgbà." Bàbá kò pariwo. Kì í pariwo. "Ìyá Leah, ẹ fún àwọn àlejò lómi. Bí wọ́n bá mu ún tán, kí wọ́n tètè máa lọ. Ọ̀nà wọn jìn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi ní, "Bó bá jẹ́ ọsàn ló fi ọwọ́ òsì nà sí mi, ǹ bá pè é ní ọmọdé. Ọ̀bẹ ni, Leah."

Mo jáde lọ sábẹ́ igi. Èmi ni mo rán àkọ̀ náà sí ìbàdí òsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ló fa ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

*

Bàbá kò jẹ́ kí n lọ sí ọ̀nà Ìjàyè mọ́, mo sì gbọ́ràn. N kò gbé fóònù rẹ̀, nítorí bí mo bá gbọ́ atẹ́gùn orí àpáta yẹn, n kò mọ ohun tí n óò ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ṣì ń dé. Àlájà ń gbé wọn wá bó ti máa ń ṣe, mo sì ń rán àkọ̀ fún wọn. Mo máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó fi ọ̀rá wé e.

Ìgbà tó yá, ọ̀bẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Èèkù kan wọ́. Ìṣó idẹ òmíràn kò bọ́ sí àárín. Mo yí ọ̀kan sí oòrùn, mo sì rí ojú fáìlì lára irin: èyí tó máa ń dà sí apá ibì kan tẹ́lẹ̀ ti ń dà sí òdìkejì.

"Àlájà, ọwọ́ wo ló fi ń ṣiṣẹ́?"

Ó bojú wẹ̀yìn. "Ó ní kí n má sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ti fi aṣọ di ọwọ́ òsì mọ́ra láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí ìkórè tó dé, òun á ti lè fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan, òun á sì padà wá bá Tíṣà. Ẹlẹ́ran kan dá ọ̀bẹ padà lánàá, ó ní èèkù ń yí mọ́ òun lọ́wọ́. Ọmọ náà ti gé ara ẹ̀ léraléra. Leah, iṣẹ́ yẹn ń bàjẹ́ o."

Mo wo ọ̀bẹ tó wọ́ náà títí. Inú mi dùn, ìdùnnú náà sì ń dùn mí. Kò sí ẹni tó fi nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá fẹ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ta ni èmi yóò fẹ́?

"Ẹ sọ fún un kó tú aṣọ yẹn."

"Bó bá ní òun ò tú u ńkọ́?"

"Ẹ ní mo ní mi ò ní rán àkọ̀ fún ọ̀bẹ tí àjèjì bá ṣe."

Àlájà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Èmi yìí, ọ̀bẹ ni mo ní mo ń tà," ó wí, ó sì wá ọ̀kadà lọ.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìkórè ti ń sún mọ́lé, mo jí ṣáájú àkókò mi. Ìrì ṣì wà lórí ewé, ìmọ́lẹ̀ kò tíì ní àwọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo sì dúró.

Bàbá mi jókòó sí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń bó ọsàn, ó ń kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ. Ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò dúró, kò sì gbọ̀n. Mo rántí bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n bó bá ń buwọ́ lùwé. Ọjọ́ ogbó ni a rò pé ó fà á. Nígbà tí pépéyẹ aládùúgbò pariwo, ó yára gbé ọ̀bẹ náà bọ́ sí ọ̀tún, ó sì wo ẹnu ọ̀nà. Mo ti padà sínú òkùnkùn yàrá.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í.

"Màmá, mo rí Bàbá."

Kò béèrè ibi tí mo ti rí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí ló dé tó o rò pé mo máa ń pẹ́ nínú ilé láràárọ̀? Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ tán ni."

"Ta ló mú kí wọ́n fi í sílẹ̀?"

"Bàbá wọn. Okùn ló fi ń di ọwọ́ òsì mọ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n á jẹun bẹ́ẹ̀, wọ́n á sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló sọ fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí. Àwọn fúnra wọn ò sọ ọ́ rí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. "Má dárúkọ mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá ń ka ìwé ìròyìn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Mo na ìṣù ìda kan sí i. "Bàbá, ẹ bá mi fún ìda yìí kó lè rọ̀. Mo fẹ́ fi pa òwú."

Kò gbójú sókè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde, ó gba ìda, ó sì fún un mọ́ra. "Ó tó?"

"Ó tó, sà."

Mo fi ewé tútù wé e, mo sì gbé e fún Àlájà. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan rán an sí Fọlájìmí. Mo mọ̀ pé yóò kà á.

*

Ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè ni Fọlájìmí àti Àlájà wá. Bàbá wà lábẹ́ igi ọsàn lórí àga, àwọn èso ti pọ́n lókè orí rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba àárín ewé wọlé ní ẹyọ ẹyọ. Ó rí wọn, ó sì ká ìwé ìròyìn rẹ̀.

"Mo rò pé mo ti dáhùn."

Fọlájìmí dọ̀bálẹ̀. Àpá tuntun wà ní àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ kan tó wà nínú àkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, ó sì sún sẹ́yìn. Àkọ̀ náà, èmi ni mo rán an. Ọ̀bẹ náà ti sùn lọ́dọ̀ mi, Bàbá kò sì mọ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo ní kó ṣe é fún yín."

Ojú Bàbá le. Mo rí i pé "rárá" ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó parí nìyẹn, nítorí n kò lè ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, Fọlájìmí náà kò sì ní í padà wá. Nígbà náà ni Màmá jáde pẹ̀lú abọ́ ọsàn, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ.

"Ọ̀bẹ ilé ò mú mọ́, Bàbá Leah. Ẹ fi èyí bó ọsàn fún wa ná. Bí ẹ bá bó o tán, kẹ́ ẹ wá lé wọn lọ."

Bàbá mú ọ̀bẹ náà, bóyá nítorí pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè tán. Ó fà á yọ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Igi ọsàn gbígbẹ ni èèkù rẹ̀, ó mọ́ bí oyin. Ó fi kan ọsàn, kò lọ. Èèkù náà ń ti ìka rẹ̀ kúrò. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti kan ihò pẹ́lẹ́bẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó wò mí.

"Ta ló sọ fún un?"

"Ìda ni, sà."

Màmá ń wo ilẹ̀. Ewé ń mì lókè wa. Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, bó ti wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó lè ti ẹnu ọ̀nà jáde ti wà níwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ náà bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí, kò já. Ojú Bàbá ń kéré sí i bó ṣe ń bó o, títí tí mo fi ń wo ọmọkùnrin kan tí n kò bá láyé.

"Okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ni," ni Bàbá wí.

Èèpo náà bọ́ sórí ẹní lódindi. Ó gé orí ọsàn náà, ó sì wo Fọlájìmí, ó wo àwọn àpá ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló ní kó o máa gé ara rẹ báyìí?"

"Mo fẹ́ kọ́ ọ̀tún ni, sà."

"Ṣé ó gbà?"

"Kò gbà, sà."

"Kò ní í gbà." Ó na ọsàn náà sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà án. Àlájà ya ẹnu, Màmá sì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fọlájìmí wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Bàbá, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó sì gbà á.

"Lẹ́yìn ìkórè ni kí àwọn èèyàn rẹ wá," ni Bàbá wí. "Èmi fúnra mi ni n óò bá àwọn ará Jonathan sọ̀rọ̀." Ó ti mú ọsàn mìíràn. "Leah, jókòó. Tìrẹ ló kàn."

Mo jókòó. Àkọ̀ náà ṣì wà lórí ẹní, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo mú un, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òsì àga rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti bá a.